Ogun Inú Agolo

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo fi ń sọ pé mo ti dàgbà kọjá eré.
Mo gbé àpò mi, mo fi Wélísì sílẹ̀,
mo dé Otaru, létí òkun Jàpáànì,
níbi tí yìnyín ti ń ga ju fèrèsé lọ,
tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gẹ̀ẹ́sì,
tí n kì í gbọ́ èdè ìyá mi àfi bí mo bá lálàá.

Ní oṣù kejì, ará ilé ìfìwéránṣẹ́ kanlẹ̀kùn.
Àpótí kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá mi, ó wọ́ bí ipa ìgbín.
Àwọn ti ta ilé, ó ní. Òun rí èyí lókè àjà.
Inú àpótí, agolo bisikíìtì.
Inú agolo, ìwé ìròyìn tó gbó bí ewé ẹ̀ẹ̀rùn.
Inú ìwé ìròyìn, ogun.

Ogún ọmọ ogun olójé,
kò sí èyí tó ga ju oríkèé ìka méjì lọ.
Ọ̀dà ti ń bó lára wọn bí èèpo àlùbọ́sà.
Ọ̀kan sọ ìbọn nù. Ọ̀kan ò lẹ́sẹ̀, ó ṣì ń sáré.
Eyín Idwal sì wà lórí fìlà alásìíá,
láti alẹ́ tí mo ṣẹ́gun àbúrò mi lórí tábìlì ìdáná,
tí inú bí i, tó ki alásìíá mi bọ ẹnu.

Nígbà tó yá, a kò jà lórí òjé mọ́.
Pápá àgùntàn baba wa ni.
Ogún ló di ogun.
Ọdún mọ́kànlá, a ò kí ara wa kú ọdún.

Mo ní n ó kàn nù wọ́n ni.
Irọ́. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ,
mo ra ọ̀dà pupa, dúdú, funfun,
mo ra awò tí í sọ eèrà di erin.
Ọwọ́ ń gbọ̀n. Mo kọ́ bí a ti ń sé èémí
kí n tó kán dúdú sí ẹyinjú wọn.
Bí ojú kan bá wo ọ̀tún, tí èkejì wo òsì,
mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Báyìí lèmi náà ṣe ń gbé níhìn-ín.

Bàbá Kurosaka, awakọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì,
ló rí ọ̀dà lábẹ́ èékánná mi nílé ìwẹ̀ olómi gbígbóná.
"Ìwọ náà?" ó ní.
Lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣí yàrá kan hàn mí:
òkè tó fi fóòmù gbẹ́, odò tó fi gúlù dà,
igbó tó fi kànìnkànìn já wẹ́wẹ́ ṣe.
Setsue ìyàwó rẹ̀ gbé tíì wá, ó mirí:
"Arúgbó méjì, òkú rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó máa sìnkú."

Èdè tirẹ̀ yarọ lẹ́nu mi, gẹ̀ẹ́sì fọ́jú lẹ́nu rẹ̀,
ṣùgbọ́n tépù ò nílò ògbufọ̀:
íǹṣì mẹ́fà, íǹṣì mẹ́fà ni.
Dáìsì yí, yí, yí, ó jókòó sórí oókan.
Ẹlẹ́ṣin mi kú tán létí odò gúlù.
Ó tẹrí ba fún wọn. Mo tẹrí ba fún un.
A rẹ́rìn-ín títí yìnyín fi dí ọ̀nà ilé mi.

Lóru ọjọ́ náà, mo ya alásìíá ní fọ́tò.
Ojú eyín yẹn, n kò kùn ún bò.
Mo fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí n kò lè pa rẹ́,
n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.
Òru ni lọ́dọ̀ mi, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ̀.
Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo tún un fọ̀.

Fóònù gbọ̀n lórí tábìlì, ọmọ ogun méjì ṣubú.

"Funfun ni ìgbànú yẹn," Idwal kọ ọ́. "O kì í rántí."

Mo ṣí ọ̀dà funfun.